Ẹ Kó Iṣẹ́ Yín Jáde, Ẹ̀yin Ọmọ Mi

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ sì gbé fóònù ọwọ́ yín sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ti ń jẹ mí lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́. Mo gbọ́ pé ẹ ti dá ẹgbẹ́ ayàwòrán sílẹ̀ ní Àgọ́-Àrẹ wa níbí. Inú mi dùn gan-an ni. Ìlú tó ní iṣu tí kò ní ọnà, ó yó lóòótọ́, àmọ́ kò tíì ṣe ọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo béèrè pé kí lẹ ti yà látìgbà tí ẹ ti dá ẹgbẹ́ ọ̀hún sílẹ̀, ńṣe lẹ ń wojú ara yín. Ẹ ti yan alága. Ẹ ti yan akọ̀wé àti igbákejì akọ̀wé. Ẹ ti yan akápò fún owó tí kò tíì sí. Ẹ ti jà lórí aṣọ ẹgbẹ́: àwọn kan ní àǹkárá ni, àwọn kan ní aṣọ òfì láti Ìṣẹ́yìn ló yẹ ọlọ́nà. Ìpàdé wá ńkọ́? Ẹ ní òjò rọ̀ lọ́jọ́ kan, ẹ ní iṣẹ́ oko pọ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ ní bọ́ọ̀lù wà lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́jọ́ kẹta. Ó dáa. Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́, àfi ẹni tó bá fi orí tì í dópin.

Mi ò bú yín o. Ẹni tí a bá fẹ́ràn là ń bá wí. Mo mọ̀ yín níkọ̀ọ̀kan. Mo mọ ọmọ tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ìwé ìṣirò rẹ̀ kún fún àwòrán ẹṣin àti sójà, tí tíṣà rẹ̀ ń nà án tìtorí rẹ̀. Mo mọ èyí tó ń kọ pátákó fún àwọn onígbàjámọ̀, tó ya orí mẹ́fà sójú pátákó kan ṣoṣo, tí gígẹ̀ orí kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Mo mọ ọmọbìnrin tó ń fi làálì kun ọwọ́ ìyàwó ọ̀ṣìngín, tí kò ní wo ìwé, tí kò ní wo fóònù, tí òdòdó ọwọ́ ọ̀tún yóò sì bá ti ọwọ́ òsì mu rẹ́gí. Mo mọ káfíńtà tó jẹ́ pé bó bá kan ẹ̀yìn àga, àfi kó fín nǹkan sí i, ẹni tó ni àga ìbáà sanwó ìyẹn, ìbáà má san án. Gbogbo yín lẹ lẹ́bùn. Ṣùgbọ́n kálukú wà ní kọ̀rọ̀ tirẹ̀. Àìrìnpọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà.

Àwọn tó tilẹ̀ ń yàwòrán dáadáa nínú yín, wọ́n á yà á tán, wọ́n á fi fóònù ya fọ́tò rẹ̀, wọ́n á sì ká bébà náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹ dà bí àgbẹ̀ tó wa iṣu ọdún kan jọ, tí kò tà nínú rẹ̀, tí kò sè nínú rẹ̀, tí kò fún aládùúgbò, títí iṣu fi hù mọ́ ọn lọ́wọ́. Ta ló máa jẹ ẹ́ báyìí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn Òṣogbo fún yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín músẹ́ pé ìyá tún ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀, ìtàn yẹn kàn yín.

Ọkùnrin kan wà ní Òṣogbo tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Dúró Ládiípọ̀. Tíṣà ni, orin kíkọ sì wà lára rẹ̀. Lọ́dún 1961, ó kọ orin Àjíǹde fún ìjọ, ó sì fi ìlù ilẹ̀ wa sí i. Àwọn kan bínú, wọ́n ní ìlù òrìṣà kò gbọdọ̀ dún nínú ilé Ọlọ́run. Ẹlòmíràn ì bá jókòó kó máa ráhùn. Dúró ní tirẹ̀ ní ilé ọtí kan nígboro. Nígbà tó di ọdún 1962, òun àti Ulli Beier, ará Jámánì tó ń báwọn ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, sọ ilé ọtí náà di ilé ọnà. Mbárí Mbáyọ̀ ni wọ́n pè é. Irú rẹ̀ ti wà ní Ìbàdàn láti ọdún 1961, níbi tí Wọlé Ṣóyínká àti J. P. Clark àti àwọn òǹkọ̀wé yòókù ti ń pàdé. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀mọ̀wé ló kún ti Ìbàdàn. Ti Òṣogbo, ìgboro ló kọjú sí. Ẹni tó ń ti oko bọ̀ lè yà síbẹ̀ wòran.

Ibẹ̀ ni Dúró ti gbé eré Ọba Kò So jáde lọ́dún 1963, eré Ṣàngó, baba wa tó jọba ní Ọ̀yọ́ Ilé, tí àwa ará Òkè-Ògùn lè na ọwọ́ sí pé ilẹ̀ wa ni ìtàn rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Lọ́dún 1964, eré náà ti dé Berlin. Ilé ọtí ló ti bẹ̀rẹ̀ o, ẹ̀yin ọmọ mi. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ fún mi pé ẹ kò tíì rí gbọ̀ngàn, ṣé ẹ ti wo abẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́yìnkùlé ilé ìwé?

Eré nìkan kọ́ ni wọ́n ṣe. Lọ́dún 1962, Denis Williams, ayàwòrán tó wá láti Guyana, ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwòrán níbẹ̀. Ó tún padà ṣe é lọ́dún 1963. Lọ́dún 1964, Georgina Beier, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe tirẹ̀. Kò sí ìdánwò àbáwọlé, wọn kò sì béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹ wá gbọ́ irú àwọn tó wá.

Jimoh Buraimoh wá. Iṣẹ́ iná mànàmáná ló ń ṣe fún ẹgbẹ́ òṣèré Dúró. Òun ló ń tan iná sí wọn lórí ìtàgé. Ọwọ́ tó ń fa wáyà yẹn náà ló wá mú ìlẹ̀kẹ̀, irú ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń tò sára adé ọba, ó ń tò ó sójú pákó títí ó fi di àwòrán. Àwọn èèyàn káàkiri ayé wá mọ orúkọ rẹ̀ nítorí ìyẹn. Muraina Oyelami wá láti Ìràgbìjí, òun náà wà nínú ẹgbẹ́ òṣèré. Rufus Ogundele, Jacob Afolabi, Adebisi Fabunmi, gbogbo wọn wá. Ọmọkùnrin kan sì wà tó jẹ́ pé oníjó ni, ó ń bá olóògùn kan kiri ìlú sí ìlú, ó ń jó kí èrò lè pé kí wọ́n ra oògùn. Ó dé Òṣogbo, ó jó ní Mbárí Mbáyọ̀, wọ́n ní kó má lọ mọ́. Ó gbé kálàmù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya iwin àti ẹranko àti igi tó ní ojú. Twins Seven-Seven nìyẹn. Lọ́dún 2005, àjọ UNESCO fi í ṣe ọlọ́nà tó ń ṣojú àlàáfíà. Oníjó olóògùn ni o! Èyí tó ń ṣe ọ̀kadà nínú yín, tó ní òun kò kàwé tó ẹni tó ń yàwòrán, ó yẹ kó ronú sí i.

Ẹ má gbàgbé Asiru Olatunde. Alágbẹ̀dẹ ni. Àìlera kò jẹ́ kó lè máa lu irin líle mọ́, ló bá mú bàbà àti alumíníọ́mù, ó ń fi òòlù kékeré lu àwòrán sí wọn lára: ọjà, ọdún, igi, ẹyẹ, ìtàn inú Bíbélì. Adebisi Akanji ńkọ́? Bíríkìlà ni. Sìmẹ́ńtì tí gbogbo yín ń rí lójoojúmọ́ ló fi mọ ẹranko àti èèyàn, ó mọ ọ́n sára ògiri ilé epo kan ní Òṣogbo. Susanne Wenger, ìyá òyìnbó láti Austria tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, mú un wọ igbó Ọ̀ṣun, òun àti àwọn agbẹ́gilére àti bíríkìlà mìíràn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn wà lára ohun tó jẹ́ kí UNESCO ka igbó yẹn mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé lọ́dún 2005. Bíríkìlà pọ̀ ní Àgọ́-Àrẹ. Alágbẹ̀dẹ ṣì wà ní Àgọ́-Àrẹ. Ṣé ẹ ti pè wọ́n sí ẹgbẹ́ yín, àbí ẹ rò pé ẹni tó ń lo pẹ́ńsù nìkan ni ọlọ́nà?

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Ẹ máa ń gbọ́ tí àwọn èèyàn ń sọ̀rọ̀ Òṣogbo bí ẹni pé idán ni, pé ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ wọn, tí wọ́n sì di ọlọ́nà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wá lọ́jọ́ díẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ wọn ló sì padà sílé tí a kò gbúròó wọn mọ́. Àwọn díẹ̀ tó dúró ni a mọ orúkọ wọn lónìí. Lẹ́yìn tí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 1964 parí, Georgina wá àyè fún àwọn tó dúró, wọ́n ń bá iṣẹ́ lọ, wọ́n ń wo iṣẹ́ ara wọn, èyí ń ya tirẹ̀, tọ̀hún ń yọjú wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Nínú ẹgbẹ́ òṣèré, wọ́n jọ ń jẹ, wọ́n jọ ń rìnrìn àjò. Ìpéjọpọ̀ ló sọ wọ́n di ohun tí wọ́n dà. Ẹ̀bùn wà lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àwọn tó ń padà wá ni ẹ̀bùn tiwọn so èso.

N óò gbọ́ tí ẹ ó sọ pé, “Ìyá, àwọn yẹn rí òyìnbó.” Mo ti ń retí ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bi yín: òyìnbó wo ló kọ́ àwọn ìyá wa tó ń kun ojú ilé òrìṣà? Kí ọdún òrìṣà tó dé, àwọn obìnrin ló máa ń kó ara wọn jọ síwájú ògiri. Ògiri á ti gbó, òjò á ti fọ̀ ọ́. Wọ́n á lọ ẹfun, wọ́n á po osùn, wọ́n á wá dúdú, wọ́n á sì tún un kùn. Ìyá àgbà tó mọ̀ ọ́n jù á fa ìlà, àwọn ọ̀dọ́ á máa kun inú rẹ̀, ojú wọn á máa mọ́ ọn, títí ọjọ́ tí fífa ìlà á fi kan àwọn náà. Ọdọọdún ni. Ẹ ò rí i pé ẹgbẹ́ ayàwòrán nìyẹn? Kò ní alága, kò ní aṣọ ẹgbẹ́, àmọ́ ó ní ọjọ́ tí kì í yẹ̀, ó sì ní ògiri tí gbogbo ìlú ń wò.

Àwọn ìyá aládìrẹ ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta àti Òṣogbo náà ńkọ́? Ìyẹ́ adìẹ ni wọ́n ń tì bọ inú ẹ̀kọ láfún, wọ́n á fi ya ọnà sójú aṣọ funfun, kí wọ́n tó rì í sínú aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá wà, aró kò ní mu ún. Nígbà tí wọ́n kọ́ Gbọ̀ngàn Mápó sórí òkè ní Ìbàdàn lọ́dún 1929, àwọn ìyá yìí wo àwọn òpó gìrìwò rẹ̀, wọ́n sì yà wọ́n sínú aṣọ tí wọ́n pè ní Ìbàdàndùn. Ohun tuntun dé ìlú wọn, wọ́n fi ẹ̀kọ kọ ìtàn rẹ̀ sára aṣọ. Iṣẹ́ yẹn ni Níkẹ Okundaye bá lọ́wọ́ àwọn ará ilé rẹ̀ ní Ògìdì lọ́hùn-ún, ìlú ibi tí Twins Seven-Seven náà ti wá. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀, ó dá ilé iṣẹ́ sílẹ̀ ní Òṣogbo lọ́dún 1983, ó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní ọ̀fẹ́. Ẹ̀yin ọmọbìnrin mi, mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, nítorí mo ṣàkíyèsí pé nínú ẹgbẹ́ yín, ọkùnrin ló ń ṣe alága, obìnrin lẹ fi sí ìdí oúnjẹ. Ọnà ilẹ̀ yìí, ọwọ́ obìnrin ni púpọ̀ nínú rẹ̀ wà. Ẹ bá wa tún ìyẹn tò.

Ẹ tún gbọ́ ti Zaria, nítorí àwọn tó kàwé nínú yín. Lọ́dún 1958, àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà nílé ẹ̀kọ́ gíga níbẹ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ láàárín ara wọn. Uche Okeke wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Demas Nwoko, Bruce Onobrakpeya, àti Yusuf Grillo, ọmọ Èkó. Òyìnbó ló ń kọ́ wọn ní kíláàsì, bí wọ́n ṣe ń ya nǹkan nílẹ̀ òkèèrè ni wọ́n sì ń kọ́ wọn. Wọn kò kọ̀ ọ́. Wọ́n kọ́ ọ yé, ṣùgbọ́n bí kíláàsì bá tú, wọ́n á jókòó ti ara wọn, wọ́n á jíròrò lórí ọnà àti ìtàn tí kálukú gbé wá láti ìlú rẹ̀, kí wọ́n lè mú èyí tó dára lára méjèèjì. Ọdún 1961 ni wọ́n jáde nílé ẹ̀kọ́, ẹgbẹ́ náà sì tú ká. Ọdún mẹ́ta péré! Ẹ wá wo ohun tó ti inú ọdún mẹ́ta jáde. Grillo di ọ̀gá àwọn tó ń kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà ní Yaba. Onobrakpeya ló ya àwòrán inú ìwé tí Ṣóyínká fi túmọ̀ Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti Fágúnwà sí Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1968. Nwoko ya ilé, ó kọ́ ilé, àwọn ará Venice ní Ítálì sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ kìnnìún wúrà lọ́dún 2023, nígbà tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ẹgbẹ́ kò dìgbà tó bá pẹ́ títí kó tó wúlò. Kí ẹ ṣáà ṣe é tọkàntọkàn nígbà tó bá wà.

Onobrakpeya yìí kan náà, láti ọdún 1998 ló ti ń kó àwọn ọlọ́nà jọ sí ìlú rẹ̀ ní Agbarha-Otor, ní ìgbà ọyẹ́. Àgbà á wà níbẹ̀, ọmọdé á wà níbẹ̀, wọ́n á jọ máa gbẹ́, wọ́n á jọ máa tẹ̀, wọ́n á jọ máa yà. Ìlú kékeré ni o, kì í ṣe Èkó. Ọyẹ́ wo ló wá ju ti Òkè-Ògùn lọ? Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí oko bá dẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ yín, tí ojú ọ̀run funfun, tí ọ̀dà sì ń tètè gbẹ, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí ẹ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ yín láti Tedé àti Ìràwọ̀ àti Ṣakí, kí ẹ jọ ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Ilé tí wọ́n máa sùn kò ní wọ́n wa. Iṣu kò sì ní tán ní Àgọ́-Àrẹ.

Ní báyìí, mo fẹ́ sọ bó ṣe yẹ kí ìpàdé rí, nítorí mo ti rí ẹgbẹ́ tó fi ẹnu túká. Ẹ mú ọjọ́ kan, kí ẹ má sì máa yí i kiri. Òjò ìbáà rọ̀, bọ́ọ̀lù ìbáà wà, ẹni méjì tó bá wá, kí wọ́n ṣe é. Kí ẹnikẹ́ni má wá lọ́wọ́ òfo. Kí ẹ fi wákàtí àkọ́kọ́ ṣiṣẹ́, kí ọ̀rọ̀ owó àti ọ̀rọ̀ ipò dúró dẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà, kí ẹ to gbogbo iṣẹ́ sára ògiri, kí ẹ sì jọ wò wọ́n.

Ìwòran yìí ló le jù. Mo mọ̀ yín. Bí ọ̀rẹ́ yín bá gbé iṣẹ́ sílẹ̀, ẹ ó ní “ó dáa gan-an,” nítorí ẹ kò fẹ́ kó bínú. Bó bá jẹ́ ẹni tí ẹ kò fẹ́ràn, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín. Méjèèjì kò wúlò. Ẹni tó ń yẹ̀nà kì í mọ̀ pé ẹ̀yìn òun wọ́. Ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ ló ń sọ fún un. Ẹ sọ ohun tí ojú yín rí. Bí apá èèyàn inú àwòrán bá gùn ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ, ẹ sọ ọ́. Bí àwọ̀ kan bá dùn yín wò, ẹ sọ ibi tó ti dùn yín wò àti ìdí rẹ̀. Kí ẹni tó ni iṣẹ́ kọ́kọ́ dákẹ́, kó gbọ́ tán kó tó fèsì, kó má máa gbèjà ara rẹ̀ bí ẹni tó wà ní kọ́ọ̀tù. Àwọn awunṣọ òfì ní Ìṣẹ́yìn mọ èyí láìjẹ́ pé wọ́n kọ́ ọ nínú ìwé. Wọ́n jókòó ní ìlà lábẹ́ àtíbàbà kan náà, òwú kálukú nà jìnnà síwájú rẹ̀. Bí ọmọ iṣẹ́ bá ṣi ẹtù hun, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ti sọ fún un kí ọ̀gá tó dé. Ìdí nìyẹn tí ẹtù Ìṣẹ́yìn fi jẹ́ ẹtù.

Ti owó ọ̀dà, mo ti gbọ́. Ọ̀dà wọ́n, búrọ́ọ̀ṣì wọ́n, gbogbo nǹkan ló wọ́n. Àmọ́ ẹfun ò wọ́n. Èédú wà nídìí ààrò gbogbo ilé. Ilẹ̀ pupa wà lójú ọ̀nà oko, ẹ kù ú, ẹ jọ̀ ọ́, ẹ pò ó mọ́ ohun tó lè lẹ̀. Àjákù pákó wà lọ́dọ̀ káfíńtà, ó ń fi dáná ni. Àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ní Òṣogbo, ọ̀dà tí wọ́n fi ń kun ilé ni wọ́n fi kun pákó. Owó ẹgbẹ́ tí ẹ bá dá, kó jẹ́ kékeré tí ọmọ ilé ìwé lè san, kí akápò sì kọ ọ́ sílẹ̀ níṣojú gbogbo yín. Owó ọnà tó bá dìjà, ọnà náà á bá a lọ.

Kí ni kí ẹ yà? Ìbéèrè yìí máa ń yà mí lẹ́nu. Ẹ ń ya òkìtì yìnyín tí ẹ kò rí rí, ẹ ń ya ilé gogoro Amẹ́ríkà, ẹ ń ya ojú àwọn òṣèré inú fíìmù. Ẹ wo ọjà iṣu wa, nígbà tí ọkọ̀ ńlá bá dé láti Èkó, tí àwọn alárù ń ju iṣu fún ara wọn, tí ẹnìkan ń ka iye rẹ̀ sókè. Ẹ wo àwọn ìyá tó ń ṣe òrí, bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ lu ún nínú ọpọ́n títí á fi funfun. Ẹ wo ọmọbìnrin Fúlàní tó gbé igbá wàrà rù, tí kò fi ọwọ́ dì í mú. Ilé alámọ̀ tó kù nílùú ti ń dín kù. Ọjọ́ tí èyí tó kẹ́yìn bá wó, àwòrán yín nìkan ni àwọn ọmọ yín máa rí. Ẹ lọ jókòó síwájú àwọn bàbá àti ìyá tó ti dàgbà, kí ẹ ya ojú wọn. Bí ẹ bá ti ń yà wọ́n, ìtàn á máa jáde lẹ́nu wọn láìjẹ́ pé ẹ bi wọ́n. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Bí iṣẹ́ bá pọ̀ tó, ẹ pàtẹ rẹ̀. Ẹ lọ kí wọn láàfin, kí ẹ tọrọ àyè. Ẹ lè ta okùn láti igi dé igi, kí ẹ fi nǹkan há àwòrán kọ́ ọ. Ẹ ṣe é nígbà Iléyá tàbí Kérésìmesì, nígbà tí àwọn ọmọ ìlú bá ti Èkó àti Ìbàdàn dé, tí owó díẹ̀ wà lápò wọn. Ẹ kọ orúkọ yín sábẹ́ iṣẹ́, ẹ kọ ohun tó jẹ́, ẹ kọ iye tí ẹ ń tà á. Kí ẹnìkan dúró tì í tó lè fi pẹ̀lẹ́tù ṣàlàyé fún ìyá aláta tó bá yà síbẹ̀. Bí ìyá aláta bá ní òun kò mọ ohun tí èyí jẹ́, ẹ má bínú sí i. Ojú rẹ̀ ti ń wo nǹkan kí wọ́n tó bí yín. Ẹ bi í pé kí ló rí.

Ẹ̀yin òbí, mo ní gbólóhùn kan fún ẹ̀yin náà. Ẹ yé máa fa bébà ọmọ ya. Àìná Ọnàbólú, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, kékeré ló ti ń wo àwòrán inú ìwé tó ń yà á jọ, kò sí ẹni tó kọ́ ọ. Nígbà yẹn, àwọn òyìnbó gbà pé ọmọ adúláwọ̀ kò lè ya ojú èèyàn kó jọ èèyàn. Lọ́dún 1906, ó ya ìyáàfin kan ní Èkó, àwòrán náà ṣì wà tí gbogbo ayé ń wò. Lọ́dún 1920 ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ọ sí i. Nígbà tó dé, ó ń ti ilé ìwé kan bọ́ sí òmíràn ní Èkó, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní àwòrán, nígbà tí kò tíì sí irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ ní ilé ìwé wa. Gbogbo tíṣà àwòrán tó wà nílẹ̀ yìí, ọ̀nà tó là ni wọ́n ń tọ̀. Ọmọ yín lè máà dà bíi tirẹ̀. Ó lè ṣe àgbẹ̀, ó lè ṣe nọ́ọ̀sì, kó sì máa ya àwòrán lọ́jọ́ ìpàdé. Ìyẹn náà dára. Ẹni tó mọ̀ ọ́n wò yóò ṣe iṣẹ́ yòówù tó bá ń ṣe dáadáa.

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti sọ̀rọ̀ tó. Mo fẹ́ràn yín, ẹ sì mọ̀. Ẹ fi ọ̀rọ̀ aṣọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ná. Ẹ pe bíríkìlà, ẹ pe alágbẹ̀dẹ, ẹ pe ọmọbìnrin onílàálì yẹn, kí ẹ sì fún un ní àga bíi ti ẹ̀yin yòókù. Ọjọ́ ìpàdé tó ń bọ̀, ilé mi ni kí ẹ ti wá ṣe é. Iwájú ilé gbòòrò, ògiri sì wà. Ẹni tó bá mú iṣẹ́ dání, iyán rẹ̀ ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá wá lọ́wọ́ òfo, òun náà yóò jẹun, nítorí ọmọ mi ni, àmọ́ yóò gbọ́ ẹnu mi kó tó fọwọ́ kan òkèlè àkọ́kọ́.